Òkú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọwọ́ Kàn

Mo mọ̀ ọ́n kú. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o. Bí ẹ bá kó gbogbo àwọn tó ti kú láti ọjọ́ tí a ti dá ayé jọ sí pápá kan, tí ẹ ní kí wọ́n tún kú kí ẹ lè fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kú jù lọ ní ife-ẹ̀yẹ, èmi ni màá gbé ife náà lọ sílé. Gbogbo wọn á sì máa kùn pé èmi tí n kò tíì kú rí ni mo wá gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Tí mo bá ti dùbúlẹ̀, tí mo yí ojú sókè, tí mo jẹ́ kí ahọ́n mi yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, eṣinṣin tó bá bà lé mi á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo kú sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń kọjá lọ ti wọn èjìká mi tán, ó ti ń wọn gígùn mi lọ, kí wọ́n tó sọ fún un pé eré ni. Inú bí i. Ó ní a ti fi àkókò òun ṣòfò.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Òkú-Ọ̀fẹ́. Bíríkìlà ni mí níṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Sátidé, àwa tí a yọ̀ǹda ara wa ní àdúgbò máa ń ṣe ìdánrawò bí a ṣe máa yọ èèyàn nínú omíyalé àti nínú ilé tó wó, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n máa yọ. Ìyá Aránṣọ ò lè ṣe é, torí tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa pa á. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó kú díẹ̀, ó la ojú, ó sọ fún wa pé báńdéèjì tí a dì kò dára, ó tún kú padà. Èmi nìkan ló mọ iṣẹ́ òkú níṣẹ́.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni a ń ṣe o. Ó ní ohun tó fà á.

Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, ní ayé àtijọ́ rẹ̀, ní ilé alájà kan ní olú-ìlú tó ga débi pé ẹni tó bá jókòó sí òkè pátápátá á kọ́kọ́ bi àwọn ẹyẹ kó tó mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ funfun tó pọ̀ bí eyín. Funfun ni àwọn ọkọ̀ náà wà títí ayé, torí wọn ò dé ibi tí ẹrẹ̀ wà rí. Lọ́dún tí odò kún wọ inú ilé wa, èmi, ìyá mi, àti ọ̀rẹ́ mi Pọ́ǹpù la wà lórí páànù. Pọ́ǹpù ni ẹni tó ń tún táyà ṣe ní ìkóríta wa. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé bó ṣe ń fẹ́ táyà náà ló ń fẹ́ ìtàn. Láti kékeré la ti jọ ń jí máńgòrò, tí wọ́n sì jọ ń nà wá.

Pọ́ǹpù ní rédíò kékeré lápò. Ó tàn án. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin sọ níbẹ̀ pé Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará àdúgbò wa, gbogbo wa ti wà lábẹ́ ààbò.

Ìyá mi wò yí ká. Omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n dé? Àbí a kì í ṣe ará àdúgbò mọ́ ni? Ẹ wò ó, ẹ bá mi pè wọ́n, ẹ ní wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi àmọ́ mi ò sí nílé."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún ẹnu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òtútù ti pa á, orí rẹ̀ wà lórí itan Pọ́ǹpù, torí itan tèmi ń gbọ̀n jù. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ti gbọ́ pé wọ́n ti kó wa tán, ló bá yí padà.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba lé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà dànù, ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kì í sì í ṣe irú ikú tèmi. Wọ́n wá fi obìnrin kan tó ti jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì rí sípò. Mà la máa ń pè é. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n tó bá wò ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, wàá rántí gbogbo ohun tó o jẹ láti àárọ̀. Ó ta ọkọ̀ funfun. Ó fi òkè ilé alájà náà háyà. Ó wá sí àdúgbò wa fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù Pọ́ǹpù, aṣọ dáadáa lọ́rùn, ó ní:

"Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́. Àwa tí a wà lókè á máa ràn yín lọ́wọ́ ni, a ò ní máa pàṣẹ fún yín. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ní ilé ẹrù tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi, okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, oògùn, gbogbo rẹ̀ á wà nítòsí yín, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ ṣe ìdánrawò kan lójú wa, kí a rí i pé ẹ lè ṣe é. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ilé ẹrù náà á lọ sí ìkejì afárá."

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìkejì afárá túmọ̀ sí. Afárá yẹn ni odò kọ́kọ́ máa ń bò. Tí ẹrù bá wà ní ìkejì rẹ̀ nígbà tí omi bá dé, ó kúkú dára kó wà nínú òṣùpá.

Mà wá béèrè pé kí ni a rò pé ó ba ẹgbẹ́ àtijọ́ jẹ́. Pọ́ǹpù ló dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi lórí páànù, kò fẹ́ ìtàn yẹn, kò fi atẹ́gùn kankan sí i, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Ìyá Aránṣọ bú sẹ́kún. Pọ́ǹpù ní, "Mà, ẹ má gba 'a ti dé ọ̀dọ̀ wọn' lẹ́nu wa láéláé. Ẹ ní kí a fọwọ́ kàn wọ́n."

Báyìí ni òfin wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí èèyàn lábẹ́ ilé tó wó tàbí nínú omi gbọ́dọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó kígbe pé, "Ọwọ́ kàn án!" Ẹni náà á dáhùn pé, "Ó kàn mí!" Tíṣà tó dúró sí àgbàlá á ní, "Mo gbọ́!" Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò tíì rí ẹ. Ó wu Mà débi pé ó gbé òfin náà lọ sí gbogbo àdúgbò tó kù. Ẹ gbà mí gbọ́, ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo ga sókè, mo ń fi orí gbá òkè ilẹ̀kùn.

Ibi tí mo ti da ọ̀rọ̀ rú ni pé mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Òkú ńkọ́? Èmi tí mò ń kú, ṣé kí n máa dáhùn ni? Òkú wo ló ń sọ pé ó kàn mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Iṣẹ́ mi ni mò ń gbèjà. Mo ní tí wọ́n bá ní kí n la ẹnu, màá kọ̀wé fi ikú sílẹ̀. Wọ́n bá fọwọ́ sí i pé ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹni tó fọwọ́ kàn án á bá a dáhùn pé, "Kò lè sọ̀rọ̀." Mo bọ ara mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdánrawò pé. Ilé alájà kan tí a ò tíì kọ́ parí la ti fẹ́ ṣe é, èmi ni mo sì tò ó kó lè dà bí ilé tó wó. Mo da búlọ́ọ̀kù fífọ́ sílẹ̀, mo gbé pákó gbọọrọ dí abẹ́ àtẹ̀gùn, mo fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn lè fi àyà fà gbà. Ibojì tó rẹwà ni. Ó wù mí débi pé mo fẹ́ pe onílé kó wá wò ó.

Nílé, ìyàwó mi ń po aró pupa tí mo máa dà sára bí ẹ̀jẹ̀.

"Ṣé aṣọ yẹn lo fẹ́ bà jẹ́?" ló wí. "Mo ti di opó lọ́pọ̀ ìgbà tí mi ò lè kà mọ́ lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi kẹ́dùn rí."

"Òní ni wọ́n máa bá ẹ kẹ́dùn. Àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn ń bá Mà bọ̀."

"Ó dáa. Kú dáadáa o. Má jẹ́ kí ojú tì mí."

Mo pàdé Pọ́ǹpù lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Òun ni wọ́n yàn pé kó wá mi rí. Jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò rẹ̀ há mọ́ ọn níkùn bí igbá tí wọ́n fi okùn dì.

"Òkú-Ọ̀fẹ́, ibo lo máa wà?"

"Kí n sọ fún ẹ? Ojúsàájú nìyẹn. Wá mi."

"Má lọ fara pamọ́ jù o. Àwọn àlejò yìí ò lè dúró títí di alẹ́."

"Tí ilé bá wó lu èèyàn, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé àlejò ńkọ́?"

Ó gbá mi lẹ́yìn, a rẹ́rìn-ín, mo lọ kú.

Fèrè dún. Ara mi yá gágá, ìyẹn ni pé mo dákẹ́ pátápátá. Mo yí ojú, mo yọ ahọ́n. Ọmọńlé kan gun imú mi, ó wò mí, ó sì rọra yà kúrò bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ igbe ní yàrá iwájú: "Ọwọ́ kàn án!" "Ó kàn mí!" "Mo gbọ́!" Ìyẹn ni ọmọ Ìyá Aránṣọ tó ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Mo gbọ́ òmíràn lápá ibi kànga. Iṣẹ́ ń lọ bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ la ojú.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ bàtà Pọ́ǹpù. Ó dúró síwájú pákó mi. Ó fà á, kò ṣí. Ó tún fà á, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó wá rọra pè mí, "Òkú-Ọ̀fẹ́?"

Mi ò dáhùn. Òkú ni mí.

Bàtà rẹ̀ yí padà, ó lọ. Mo ní nínú mi pé ó lọ gbé irin, tàbí ó ń yí bọ̀ lẹ́yìn. Mo tún ahọ́n mi ṣe. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àgbàlá, ohùn tó lè jí ẹni tó sùn ní ìlú kejì:

"Ọwọ́ kàn án! Kò lè sọ̀rọ̀!"

"Mo gbọ́!" ni Tíṣà wí.

Fèrè ìparí dún. Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò orí páànù.

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì wá sí iwájú ojú nínú òkùnkùn yẹn. Erùpẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ẹlòmíràn ló kú. Ṣùgbọ́n òkú kan ṣoṣo ni àdúgbò wa ní. Mo ní bóyá ó kígbe tán ni, ó ń sáré bọ̀ wá di ọwọ́ mi mú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo dúró dè é. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àga. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ọmọńlé yẹn padà wá, ó wò mí, ó dà bíi pé ojú ń tì í fún mi.

Mo fi àyà fà jáde lẹ́yìn, mo rìn wọ àgbàlá pẹ̀lú aró pupa láti orí dé ẹsẹ̀. Mà dúró láàárín àwọn àlejò, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ẹ wò ó!" ló kígbe. "Òkú wa ti jí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mà gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Mà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí."

Ẹ̀rín yẹn lè ṣí òrùlé, tí ilé náà bá ní òrùlé. Pọ́ǹpù fi apá yí mi lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kàn mí láti ìgbà tí mo ti kú.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ o, mà," ló wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, a gbé e títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó jí, ó ní kí a gbé òun padà, òun gbàgbé bàtà òun síbi tí òun kú sí."

Òótọ́ ni, mo ṣe é. Àlejò kan tí kò gbọ́ èdè wa rárá ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omi ojú.

Ẹ̀rín kúrò lójú Mà. "Bíríkìlà, ṣé àwàdà lẹ̀ ń ṣe?"

"Rárá, mà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo wà nígbà tí fèrè ìparí dún."

Ó wo Tíṣà. Tíṣà tó máa ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ṣe, bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. "Mo gbọ́ igbe, mà," ló wí. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́."

Ó wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá Aránṣọ ló máa ń di apá orí mú tí wọ́n bá ń gbé mi. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó tún ìró rẹ̀ dì. Ó ní, "A gbé e jáde, mà. Èmi ni mo di orí mú. Ó wúwo bí ẹni tó jẹ simẹ́ńtì sùn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lára mi, ó ń bẹ̀ mí.

Ìgbà yẹn ni mo wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n ti wo ẹnu ọ̀nà, wọn ò rí kí wọ́n gbé mi kọjá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ń jù fìrì-fìrì lọ́wọ́ Mà. Tí mo bá tún un sọ tí ó sì gbà mí gbọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọdá afárá. Tí kò bá gbà mí gbọ́, màá kàn dá wọn lára yá sí i ni.

"Mo ti sọ tèmi, mà," ni mo wí.

Àwọn àlejò ti ń wo aago. Mà na kọ́kọ́rọ́ sí Pọ́ǹpù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí èmi náà bọ́ sí i pẹ̀lú aró mi. Mo ti bọ́ síta.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Pọ́ǹpù. Ó ń ti túùbù bọ inú bàsíà omi, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

"O ò kí mi kú oríire?"

"Kí ló dé tó ò wọlé wá bá mi?"

"Pákó yẹn ò ṣí."

"Mo fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn."

"Ọ̀nà ológbò yẹn? Wo ikùn mi! Kí wọ́n tó fi okùn fà mí jáde, àwọn àlejò á ti sùn." Ó gbé túùbù sílẹ̀. "Àkókò ń lọ, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mo gbọ́ bó o ṣe ń mí."

"Irọ́! Mi ò kí ń mí!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀run ló mọ̀.

Ó ní, "Ṣé ó dáa kí gbogbo ọkọ̀ yẹn lọ sí ìkejì afárá torí òkú irọ́? Eré ni, Òkú-Ọ̀fẹ́. Tí omi bá dé lóòótọ́, màá kàn ẹ́."

"Ẹni tó wà nínú rédíò yẹn náà, bóyá ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn."

"Má mú ìyá rẹ wọ̀ ọ́."

"Orí itan rẹ ló kú sí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò. "Ìdí tí mo fi ṣe é gan-an nìyẹn. Kí ọkọ̀ lè wà nítòsí. Ṣé o rò pé mo gbàgbé bí orí rẹ̀ ṣe wúwo tó?"

"Dìde, ká jọ lọ bá Mà kó tó lọ lọ́la. Ká sọ pé a fẹ́ tún un ṣe. Àá yege. Ìwọ náà mọ̀ pé àá yege."

"Tí a ò bá yege ńkọ́?"

"A ò yege nìyẹn."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó rọrùn fún ẹ. Ìwọ lè kú kó o jí. Àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ kí n fi ẹ́ ṣe olórí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́. Ìyá Aránṣọ á rán jákẹ́ẹ̀tì tìẹ lọ́tọ̀. Gbogbo àdúgbò tó kù á máa wá wò ẹ́ bó o ṣe ń kú."

Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ẹgbẹ́ lára mi, mo gbé e lé orí táyà.

"O máa padà wá," ló wí bí mo ṣe ń lọ. "Ta ló máa bá wa kú?"

Mo wá àwàdà lẹ́nu mi láti fi dá a lóhùn. Èmi o! Mo tú ẹnu mi wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá, mi ò rí ẹyọ kan.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní, "Ṣé wọ́n rí ẹ?"

Mo ní, "Rárá."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi, ó sì gbé omi ìwẹ̀ wá.

Àwọn ènìyàn ń kí mi ní àdúgbò, wọ́n ń pè mí ní òkú tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó ti di àpárá. Ìyá Aránṣọ rí mi lókèèrè, ó gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó yá, òjò dé.

Ọ̀sán ni. Òjò yẹn kò rọ̀, dída ni wọ́n dà á. Odò gbéra, ó ń bọ̀ ní àárín títì bí ẹni tó wá gba ilé rẹ̀ padà. Mi ò ní purọ́ fún yín: kí n tó ká sòkòtò mi sókè, wọ́n ti ṣí ilé ẹrù, ọkọ̀ ojú omi ti bọ́ sómi, Pọ́ǹpù ń pàṣẹ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé ìkejì afárá ni ọkọ̀ yẹn wà, ẹ ò ní rí ẹnì kan tó máa sọ ìtàn yìí. Àwọn olùyọ̀ǹda ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mò ń gbọ́ wọn.

"Ọwọ́ kàn án!"

"Ó kàn mí!"

Mo mú ìyàwó mi lọ sí òkè ilé ẹ̀kọ́, mo sì padà. Ó ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe? Wọ́n ti ń kó wọn." Mo wọ inú omi, mo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ilé tí wọ́n bá ti kígbe níbẹ̀ tí wọ́n sì ti kọjá, èmi náà á kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ kejì ṣì ń bọ̀ wá kó wà lójú fèrèsé.

"Òkú-Ọ̀fẹ́! Kí lo tún wá ṣe?" ni ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ìyá Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn wá tán."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ tútù, ó rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo lọ sí ilé kejì, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Òótọ́ ni. Ilé kẹta, òótọ́ ni. Wọ́n rò pé àwàdà tuntun ni mo gbé dé, àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ láti ojú fèrèsé kí n tó dé rárá, wọ́n ń pariwo pé kí n wá kan tàwọn.

Ọkọ̀ Pọ́ǹpù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Omi ń ro lára rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wò wọ́n."

"A ti fọwọ́ kàn gbogbo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀. Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Rárá."

Àwọn èèyàn kún inú ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan ń ké. Ó fi àjẹ̀ ti ògiri, ó lọ.

Ilé tó kù níwájú mi ni ilé bàbá Pọ́ǹpù. Bàbá jókòó sórí tábìlì lójú fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wà léjìká wọn, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó kàn.

"Ìwọ bíríkìlà," ni wọ́n wí, "ṣé ìwọ náà fẹ́ kàn mí ni? Ọmọ mi ti di ọwọ́ mi mú, ó ti kígbe débi tí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ó ti kàn mí."

Omi ti dé ìbàdí mi.

"Mo gbọ́, bàbá," ni mo wí. "Ẹ bá mi na ọwọ́ yín jáde."